Ìyá Àgbà àti Ayálégbé Ẹ̀yìnkùlé

Níbi fìdáù Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ààfáà sọ pé obìnrin tó lawọ́ ni wọ́n. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ilé wọn rí yóò rọra wo ilẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń fi èédú fa ìlà sára kẹ́ẹ̀gì omi, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bu níbẹ̀, ni ààfáà ń ròyìn.

Mi ò kàwé lọ títí. Fọ́ọ̀mù tíírì ni mo ti kúrò, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Agbára. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bá Ìyá Àgbà gbé kẹ́yìn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan kọ bí wọ́n ṣe rí gan-an sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, ó ní láti mọ igbó tó wà lẹ́yìn ilé wọn àti ẹranko tó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí igbó yẹn wà tàbí kó má wà ni wọ́n fi parí ayé wọn.

Ilé náà wà ní Ojú-Ore, ní Ọ̀tà. Àwọn yàrá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín. Àwọn tó wá láti Ìwó àti Ìrágbìjí àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló gba yàrá níbẹ̀. Tí o bá jáde lẹ́yìn, wàá bá kànga, wàá bá balùwẹ̀ páànù, lẹ́yìn ìyẹn ni oko obì bàbá Ìyá Àgbà tó ti di igbó. Lẹ́yìn igbó ni ògiri ilé iṣẹ́ kan, tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sí lórí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í sinmi. Àárín ògiri yẹn àti balùwẹ̀ wa ni ẹtà kan ń gbé.

Ẹni tí kò bá rí ẹtà rí, kó ro ẹranko kan tó ju ológbò lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bíi ti ajá kékeré, tí ara rẹ̀ ní àmì dúdú tótòtó, tí ojú rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tó fi èédú pa á. Bí ẹ̀rù bá bà á, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde láti ọrùn dé ìrù. Ó ń rùn, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Ó ń jẹ eku, ó ń jẹ ọ̀kùn tí àwọn ẹran mìíràn kì í fẹnu kàn, ó ń jẹ èso tó bá já bọ́. Bó bá rí adìẹ, kì í kọ̀ ọ́.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ìgbẹ́ èèyàn lẹ́bàá kànga. Ìyá Àgbà kò pariwo. Wọ́n pe gbogbo ayálégbé jáde, àwọn tó ń múra de bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu àwọn mìíràn. Wọ́n kó wa lọ sí etí igbó, wọ́n sì na ọ̀pá sí òkìtì ìgbẹ́ ẹranko kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, tuntun wà lórí, èso tó ti hù sì yọ orí níbẹ̀.

"Ẹtà ló ni èyí," ni wọ́n wí. "Ibì kan náà ni òun àti àwọn tó bí i ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, ẹ ò mọ ọ̀nà ṣáláńgá."

Bàbá Fọlá, ọmọ Ìrágbìjí tó wà ní yàrá ìkẹyìn, aláwàdà ni. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí àwa náà wá máa bá a lò ó ni?"

Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Kò ní gbà fún ọ. Onímọ́tótó ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ayálégbé ti ń pe ẹtà náà ní ayálégbé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà fúnra wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sin adìẹ, ẹtà sì ń jẹ nínú wọn. Bí ìyá adìẹ kan kò bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lọ dúró sí etí igbó, wọ́n á fọwọ́ mú ìbàdí, wọ́n á máa bá igbó jà bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó tanná sùn jà. "Ìwọ aláìsanwó yìí, o tún ti dé. Kò sí eku mọ́ ni? Kò sí ọ̀kùn? Adìẹ opó lo rí." Lẹ́yìn náà wọ́n á wọlé lọ jẹun. Mo ní kí n bá wọn wá ẹni tó máa dẹ tàkúté síbẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rán mi níṣẹ́.

Wọ́n máa ń sọ pé nígbà èwe àwọn, láti Ọ̀tà dé Àtàn, kò sí oko tí ẹtà kì í ya. Títì Ìdíròkò fẹ̀, ọkọ̀ sì ń tẹ̀ wọ́n pa láàárọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ dé, wọ́n ro igbó kanlẹ̀. Àwọn tó kù, tàkúté àti májèlé eku ló pa wọ́n, nítorí ẹtà tó bá jẹ eku tó jẹ májèlé kò ní pẹ́ bá eku lọ. Wọn kì í dárò tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Bí ẹni ń dárúkọ àwọn ará àdúgbò tó ti kó lọ ni. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni àwọn gan-an rí lára ẹran tó ń jẹ wọ́n ní adìẹ.

"Mo bá a níbẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Ẹni tí mo bá nílé, báwo ni mo ṣe fẹ́ lé e?"

Bàbá Àtàn ni àbúrò wọn ọkùnrin, òun ni olórí ẹbí. Àtàn-Ọ̀tà ló ń gbé, ó ń dáko ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sílé láìníṣẹ́, ọkùnrin kan láti Èkó sì ń fẹ́ ra igbó náà láti fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bí nǹkan ṣe rí ni pé ilẹ̀ ẹbí ni. Bàbá wọn fún Ìyá Àgbà láti máa lò títí ọjọ́ ayé wọn, bí wọ́n bá sì kú, ó padà sọ́wọ́ ẹbí, àfi bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni Bàbá Àtàn máa ń wá bẹ̀, kò lè pàṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yẹn tún wá."

"Kó lọ kọ́ ilé ìkẹ́rù rẹ̀ síwájú ilé ẹ ní Àtàn."

"Ọ̀dọ̀ mi jìnnà sí títì."

"Kó ra títì lọ síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ wa ò rí iṣẹ́ ṣe, ẹ wá fi ilẹ̀ bàbá wa sílẹ̀ fún ẹran ìgbẹ́."

"Bàbá wa ní kí n máa lò ó, Sàlámì. Mò ń lò ó."

"Kí lẹ̀ ń lò ó fún?"

Ìyá Àgbà ń gé ilá lọ. Wọn ò gbójú sókè. "Mò ń wò ó," ni wọ́n wí.

Ìgbà Sáàpù ni gbogbo èyí. Náírà ń já wálẹ̀, àwọn ohun èlò tí ilé iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun kò ṣeé rà mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ní ilé wa, ẹ ó rí ọkùnrin tó jí ní ìdájí bó ṣe máa ń ṣe, tó wẹ̀, tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí kò sí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gbé e. Bàbá Fọlá wà nínú wọn. Àwàdà rẹ̀ kò tíì tán nígbà náà. Ó ní ìjọba ti fún òun ní ìsinmi tí kò lópin. Kò pẹ́ tó fi mú wáyà tó kó bọ̀ láti ilé iṣẹ́, ó fi ṣe okùn tàkúté, ó sì lọ dẹ ẹ́ sínú igbó Ìyá. Òkété ló kọ́kọ́ ń mú. Á fi igi kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn onímọ́tò á dúró rà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ igbe kan láti inú igbó, ó dà bíi ti ọmọ ajá, ṣùgbọ́n ó nípọn jù ú lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wáyà Bàbá Fọlá ti mú ẹtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Gbogbo irun rẹ̀ dúró gọ́ńgọ́. Ọmú rẹ̀ wú, ó hàn pé ó ní ọmọ níbì kan. Bàbá Fọlá ti gbé àdá sókè.

Ìyá Àgbà bi í pé, "Ṣé Fọlá ti jẹun lónìí?"

Ó rẹ àdá wálẹ̀ díẹ̀. "Ó mu ẹ̀kọ láàárọ̀, Ìyá."

Ìyá Àgbà yí padà, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé àkùkọ wọn jáde, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀kò sí. Wọ́n nà án sí i. "Gba eléyìí. Tú ìyẹn sílẹ̀."

Bàbá Fọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹran tó ń jẹ adìẹ yín lẹ fẹ́ fi adìẹ rà padà?"

"Bí kò bá jẹ ẹ́ lónìí, yóò jẹ ẹ́ lọ́la," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìwọ kúkú jẹ ẹ́."

Mo da àpò bo ẹtà lórí, Bàbá Fọlá sì gé wáyà. Ẹtà náà tiro wọ inú igbó lọ. Òórùn rẹ̀ dúró sí wa lára, Ìyá Fọlá kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sùn sí. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ àkùkọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà mú ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti ìdajì bàtà, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi kọ́ ara igi obì tó wà ní etí igbó. Ààlè ni. Ohun tó bá lólúwa tí olúwa rẹ̀ kò sí nítòsí là ń pààlè lé, bí igi ìdáná tí a dì sílẹ̀ lóko, kí olè lè mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ojú òun bá rí, kí òun fara mọ́ ọn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, ọmọ Ọ̀tà ni o, ọmọ Ìrágbìjí ni. Bàbá Fọlá rí i, ó tú gbogbo okùn rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àwọn ọlọ́dẹ tó máa ń gba ẹ̀yìn ògiri wá náà kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i rí kí wọ́n pa ààlè lé igbó nítorí ẹranko, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ààlè fún ẹtà?"

"Olè ni mo pààlè fún," ni wọ́n dáhùn. "Ẹtà kò mọ̀ ọ́n kà."

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni fèrèsé yàrá Bàbá Fọlá. Igi obì yẹn gan-an ló kọjú sí. Láti orí ibùsùn, ààlè ni Ìyá Fọlá ń wò ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, gìrì mú Fọlá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ yá, gìrì náà tún padà wá. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà kan tó ń pàdé nínú ilé ẹnì kan ní àdúgbò. Alàgbà wọn wá kí ọmọ náà, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí àkísà pupa àti ìkarahun. Ó bi í pé ta ló ni èyí. Ìyá Fọlá ní onílé ni. Alàgbà ní ibẹ̀ ni wọ́n so ọmọ náà mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹgbẹ́ àdúrà náà wá. Ìyá Àgbà ti lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Àtàn, Bàbá Fọlá lọ wá iṣẹ́ lẹ́bìrà, èmi sì ń sun oorun ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru dé. Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé inú àlá ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn kẹrosíìnì. Ààlè ni wọ́n fẹ́ sun, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi jáde, ọyẹ́ ti gba iná lọ́wọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ń sá, orin ti dákẹ́. A ń fa omi kànga, kí ilé má baà jó la ń bá kiri. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri da omi sí apá tiwọn. Kó tó di àṣálẹ́, a ti ń rí ògiri wọn láti ẹ̀yìnkùlé wa, ohun tí a kò rí rí.

Ìyá Àgbà dé. Wọ́n wọ bàtà rọ́bà wọn, wọ́n rìn wọnú eérú, mo tẹ̀ lé wọn. Lábẹ́ igi obì kan tó ti ṣubú láti ọjọ́ pípẹ́, a bá ọmọ ẹtà méjì nínú ihò. Iná kò kàn wọ́n, èéfín ló pa wọ́n. A ò rí ìyá wọn.

Bàbá Fọlá ti dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò sí nílé. Bí mo bá wà nílé, kò lè ṣẹlẹ̀."

"Dìde, ara ẹ ti dọ̀tí," ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n gbé àwọn ọmọ ẹtà náà lé e lọ́wọ́. "Èyí tó ti kú kì í ṣe ayálégbé mi mọ́. Lọ sè é, kó má bàjẹ́."

Ó sè é. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹnu kàn án, kò sì jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ́. Òun nìkan ló jẹ ẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Gbogbo ilé ń retí pé Ìyá Àgbà á lé wọn. Ìyá Fọlá fúnra rẹ̀ ti ń di ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ìyá, àwọn ló sọ pé ohun tí ẹ so yẹn ló ń mú ọmọ."

"Ara ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ń sun oorun, Ìyá."

Ìyá Àgbà ní kó kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá iwájú tó ṣófo, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Nígbà tó lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú alàgbà àti gbogbo ìjọ rẹ̀. Ìyá Àgbà dá mi dúró.

"Èmi ni mo fi àmì síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ká ní mi ò sọ fún ayé pé ó lólúwa, kò sẹ́ni tí ì bá wò ó."

Bàbá Àtàn gbọ́, ó wá. Ó ní igbó ti tán, kí ló tún kù. Ìyá Àgbà ní kó jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Òjò rọ̀, wọn ò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ó. Ewéko bò ó, àwọn igi obì kan sì yọ láti ìdí. Wọn ò pààlè mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí etí igbó, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa ṣa ìrẹsì tàbí kí wọ́n kàn jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àdá wọ ibẹ̀ láti gé igi, wọ́n á húkọ́. Mo sọ fún wọn pé ààlè sàn ju kí ẹ̀fọn máa jẹ wọ́n lọ.

Wọ́n ní, "Arúgbó tó jókòó, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ débi tí yóò fi sun ún níná."

Wọn ò ṣàìsàn pẹ́. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jù, nítorí mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Mo mọ̀ pé Bàbá Àtàn ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lórí ilẹ̀, bóyá "ẹ tà á", bóyá "ẹ má tà á". Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bi wọ́n. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá bi wọ́n, mo ti gbà pé wọ́n ń kú nìyẹn, mo sì ń sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kẹ́yìn ni, "Ẹ ti kó adìẹ wọlé?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, kí ẹbí tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìdájí ọjọ́ kan. Bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé. Ẹtà kan jáde láti ojú gọ́tà, ó kọjá níwájú mi, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ó dúró, irun rẹ̀ dìde, ó wò mí, ó sì wọ inú igbó lọ láìsáré. Mo wẹsẹ̀, mo sùn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí ǹ bá sọ ọ́ fún ti lọ.

Pálọ̀ Ìyá Àgbà la ti ṣèpàdé. Bàbá Àtàn jókòó, ìyá mi jókòó, àwọn ọmọ Bàbá Àtàn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fara ti ògiri. Bàbá Àtàn kò fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó ní, "Àyìndé, ìwọ lo bá ẹ̀gbọ́n mi gbé. Ṣé wọ́n sọ ohunkóhun sílẹ̀ lórí igbó yẹn? Bí wọ́n bá ní ká má tà á, a ò ní tà á. Èmi ò ní tẹ ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ká ní mo ní wọ́n ní ká má tà á, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Bàbá, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi."

Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn, ohun tí mo sì dáhùn nìyẹn. Wọn ò bi mí pé kí ni mo rí ní ìdájí, mi ò sì fi kún un. Mo wo àwọn ọmọ Bàbá Àtàn tó fara ti ògiri, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún irú wọn pé ẹtà ti padà dé.

Katapílà dé kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ti dúró síbẹ̀ báyìí, páànù rẹ̀ ń tàn wá lójú lọ́sàn-án, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá Àtàn sì ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mi ò rí ẹtà mọ́, mi ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, bí a ṣe ń jáde, Bàbá Àtàn dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"O ṣeun tí o ò purọ́ mọ́ òkú, ọmọ mi," ló wí. "Ẹlòmíràn ì bá purọ́."